Mauritáníà jáde nínú ECOWAS, ṣùgbọ́n kò kó kúrò ládùúgbò

Láti ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀ ti kẹ́rù wọn jáde nínú àjọ ECOWAS, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ nípàdé ẹgbẹ́, yálà ní Otor-Udu níbí ni o, ní Ovwian àti Aladja, ní Orhuwhorun tàbí lọ́hùn-ún ní Effurun àti Warri. Wọ́n ń béèrè pé àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún ń kọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ká sọ ni, Ẹ̀jìgbò ni ká sọ ni, Ọ̀fà àti Ìnísà ńkọ́, kò sí èyí tí kò lọ́mọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú wọn, láti Àbíjàn dé Tamale, láti Niamey dé Ouagadougou. Àwa tí a ń gbé ní Delta ṣì ń gbé ní Nàìjíríà, òfin kan náà ló bo gbogbo wa. Àwọn tó wà ní Niamey kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àárín ìjọba sí ìjọba ni wọ́n fi ń sùn, òun náà ni wọ́n fi ń jí.

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí o. Orílẹ̀-èdè kan ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú àwọn mẹ́ta yìí, ó sì wà níbẹ̀ dòní, kò tíì padà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò bá àwọn tó fi sílẹ̀ ṣọ̀tá. Mauritáníà lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é, nítorí bí ẹ̀yin náà bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ óò rí ibi tó dùn àti ibi tó korò.

Mauritáníà kì í ṣe orílẹ̀-èdè kékeré tó bá jẹ́ ilẹ̀ là ń wò. Ilẹ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ó fẹ̀ ju Nàìjíríà tiwa lọ. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ló pọ̀jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún lọ, wọn ò tó ará Èkó nìkan. Àríwá rẹ̀ kọjú sí àwọn Lárúbáwá, gúúsù rẹ̀ kọjú sí Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì, odò Sẹ̀nẹ̀gàl ló sì jẹ́ ààlà níbẹ̀. Inú ilé méjì ni irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ń gbé látilẹ̀. Ní 1973, nígbà tí Moktar Ould Daddah ń ṣe ààrẹ, wọ́n pa owó CFA tì, wọ́n ṣe owó tiwọn tí wọ́n ń pè ní ouguiya. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa dá ṣe, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gágun Gowon àti ààrẹ Eyadéma ilẹ̀ Tógò kó àwọn orílẹ̀-èdè jọ sí Èkó ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, 1975, Mauritáníà wà lára àwọn 15 tó fọwọ́ síwèé ìdásílẹ̀ ECOWAS. Ó sì wà níbẹ̀ títí di òpin 1999. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, ìjọba Ould Taya kéde pé àwọn ń lọ. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni àwọn ìpinnu tí ECOWAS ń ṣe lákòókò náà: owó kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ogun tí yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀, àti ẹnubodè tí gbogbo èèyàn á máa gbà wọlé fàlàlà. Wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Lárúbáwá ìhà àríwá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Marrakech ní 1989, pẹ̀lú Mòrókò, Àlgéríà, Tùnísíà àti Líbíà, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀la àwọn wà. Òfin ECOWAS ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe ìkìlọ̀ ọdún kan. Mauritáníà dúró fún ọdún kan yẹn, ó sì jáde ní ìparí ọdún 2000, kò sí ariwo, kò sí èébú.

Ibi tó yani lẹ́nu ni pé ilé tí wọ́n ń sá lọ yẹn ti ń jó. Mòrókò àti Àlgéríà kò rẹ́, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀ Sàhárà ló wà láàárín wọn, àwọn ààrẹ ẹgbẹ́ náà kò sì tíì jókòó ìpàdé kan papọ̀ láti 1994. Ìyẹn ni pé Mauritáníà fi ilé tí èèyàn wà sílẹ̀, ó lọ sí ilé tí wọ́n ti tilẹ̀kùn. Èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè bá àwọn ará gúúsù jà. Wọn ò ní ibòmíràn láti sá sí.

Àmọ́ ohun kan wà tí wọn ò fi sílẹ̀, ohun náà ni àwa rí pé ó gbọ́n jù. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú odò Sẹ̀nẹ̀gàl, tí àwọn Faransé ń pe orúkọ rẹ̀ ní OMVS, ti wà láti 1972, Málì, Mauritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gàl ló dá a sílẹ̀. Ìdídò Diama àti ti Manantali, ti gbogbo wọn ni. Iná mànàmáná tó ń jáde láti Manantali, wọ́n pín in: Málì gba ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, Sẹ̀nẹ̀gàl gba 33, Mauritáníà gba 15. Nígbà tí Mauritáníà jáde nínú ECOWAS, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan àdéhùn iná yìí. Ọmọ tó bínú kúrò ní agbo ilé, tí kò sì bínú kúrò nídìí kànga, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Gámbíà, nítorí ibẹ̀ la ti rí i pé ẹni tó wà níta lè wúlò fún àwọn tó wà nínú ilé. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Disẹ́ńbà, 2016, Adama Barrow na Yahya Jammeh nínú ìdìbò. Jammeh kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ó ní òun ò lọ mọ́. ECOWAS rán àwọn ààrẹ lọ bá a, Buhari tiwa wà nínú wọn, Sirleaf ilẹ̀ Làìbéríà náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù kìíní, 2017. Jammeh kò gbọ́. Ni wọ́n bá kó sójà jọ sí ẹnubodè, Sẹ̀nẹ̀gàl ló ṣáájú, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà náà gbéra. Barrow ń búra ìwọlé ní ilé aṣojú Gámbíà ní Dakar ní ọjọ́ 19, ológun ń wọ Gámbíà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Ta ni Jammeh wá gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Mohamed Ould Abdel Aziz, ààrẹ Mauritáníà, ti wọ Banjul ní ọjọ́ 18. Ó tún padà síbẹ̀ ní ọjọ́ 20, òun àti Alpha Condé ilẹ̀ Gínì. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ 21, Jammeh ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ti lọ, wọn ò sì ja ogun kankan ní Banjul. A ò sọ pé Mauritáníà nìkan ló ṣe é o. Bí kì í bá ṣe pé sójà ECOWAS ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Jammeh kì bá tí gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù kì í fẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn tó gbé ìbọn dání. Ẹni tí kò sí nínú wọn ló ń wá. Aziz kò sí nínú àwọn tó fẹ́ lé e, kò sì bá a ní ìjà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ṣí fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mauritáníà ta ọgbọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú ECOWAS, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ìbáṣepọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ owó ẹnubodè àti ọ̀rọ̀ ìrìnnà aráàlú ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kí wọ́n dá wọn padà bí ọmọ ẹgbẹ́. Ọjà ni wọ́n bá wá, wọn ò bá ti owó kan ṣoṣo wá, wọn ò bá ti ogun wá. Ọdún yẹn gan-an ni Mòrókò kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ inú ECOWAS pátápátá. Àwọn ààrẹ ní kò burú ní Monrovia ní oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Mòrókò tó fẹ́ gbogbo rẹ̀ kò rí ju gbólóhùn kan gbà. Mauritáníà tó béèrè díẹ̀ gba ìwé àdéhùn.

Ọgbọ́n yìí tún hàn nígbà tí ECOWAS fìyà jẹ Málì. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, 2022, nítorí pé àwọn ológun ibẹ̀ sún ìdìbò síwájú, ECOWAS ti gbogbo ẹnubodè mọ́ wọn, ó sì dá owó wọn dúró. Málì kò ní òkun. Èbúté Dakar àti Àbíjàn ló ń lò. Mauritáníà kò sí nínú ECOWAS, kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún un pé kó ti ẹnubodè, ọjà Málì bá forí lé Nouakchott. Mauritáníà pa owó èbúté, Málì rí ọ̀nà gbà, ECOWAS kò sì lè bínú torí pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ebi kò gbọ́dọ̀ pa ará Málì kú. Ìjìyà náà parí ní oṣù keje. Ẹ má sì rò pé Málì àti Mauritáníà kàn ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín láàárín àkókò yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n pa àwọn ọmọ Mauritáníà nínú ilẹ̀ Málì, tí ìjọba Nouakchott pe aṣojú Málì láti fi ẹ̀dùn ọkàn hàn pẹ̀lú ìbínú. Ẹnubodè wà ní ṣíṣí síbẹ̀. Àwọn ará Málì tí ogun lé wá sí àgọ́ M'bera nílẹ̀ Mauritáníà ju 100,000 lọ, ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀.

Ti Sẹ̀nẹ̀gàl náà nìyí. Ní ìparí oṣù kìíní, 2018, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Mauritáníà yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan láti Saint-Louis, ìlú náà sì dàrú, wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mauritáníà jẹ́. Ẹni bá rántí 1989 á ti máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Macky Sall, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ Nouakchott, òun àti Aziz sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí afẹ́fẹ́ gáàsì tí wọ́n rí ní ààlà òkun àwọn méjèèjì ní 2015. Ní oṣù keje, wọ́n ṣe àdéhùn ìpẹja náà. Gáàsì yẹn, tí wọ́n ń pè ní Grand Tortue Ahmeyim, ti ń jáde báyìí. Ẹrù ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹrin, 2025.

Àwa ará Delta kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn kò kàn wá. Láti Escravos, níwájú wa níbí, ni gáàsì ti ń gba inú páìpù lọ sí Èkó, tó sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Páìpù tí Nàìjíríà àti Mòrókò dá lábàá ní Disẹ́ńbà 2016 yóò gba etíkun lọ sí òkè pátápátá, kò sì lè dé Mòrókò láì gba Mauritáníà kọjá. Ní ọdún 2022, ECOWAS fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀ ní Rabat, Mauritáníà náà sì fọwọ́ sí tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá rí owó rẹ̀, tí páìpù náà sì wáyé, gáàsì tó ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ wa níbí yóò máa gba ẹ̀yìnkùlé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Owó náà ló le.

Títí dé ibi tí a bá a dé yìí, ìjọba Mauritáníà gbọ́n. A ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rọrùn fún ìjọba, kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún àlejò.

Ní oṣù kẹta, 2024, Mauritáníà gba àdéhùn 210 mílíọ̀nù owó Yúróò lọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kó lè máa dá àwọn tó ń gba òkun lọ sí erékùṣù Kánárì dúró. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àlejò káàkiri ìlú, wọ́n ń dà wọ́n sí ẹnubodè Sẹ̀nẹ̀gàl àti ti Málì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìjọba ní àwọn tí kò níwèé làwọn ń kó. Ariwo ta ní Dakar àti Bamako. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi òfin ECOWAS gbá mú? Ìwé ìrìnnà aráàlú tí àwọn ààrẹ fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 1979, èyí tó fún ọmọ ECOWAS ní 90 ọjọ́ láìgba físà, kò dè é mọ́. Àdéhùn 2017 mẹ́nu ba ìrìnnà, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé kò dí ọwọ́ ọlọ́pàá.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni oògùn rẹ̀. Ní 1989, tí Mauritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gàl lé ọmọ ara wọn lọ́nà ẹ̀jẹ̀, ọmọ ECOWAS ni àwọn méjèèjì. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà tiwa náà lé àwọn àlejò tó ju mílíọ̀nù kan lọ, ọmọ Gánà ló pọ̀jù nínú wọn, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ «Ghana Must Go» títí dòní. Àwọn bàbá wa ti jẹ irú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ fún ìran méjì fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Kò tíì sí ECOWAS nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn 1979, ẹni tí wọ́n lé ní ìwé àdéhùn tó lè tọ́ka sí. Ṣáájú 1979, kò ní.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, tó sún mọ́ wa ju ti Mauritáníà lọ. São Tomé, erékùṣù kékeré tí òkun wa dojú kọ, tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 200,000 lọ, kò sí nínú ECOWAS rárá, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló wà. Òun kò bá ẹgbẹ́ ṣe nǹkan, Nàìjíríà nìkan ló so mọ́. Ní 2001 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òkun epo, Nàìjíríà gba 60, wọ́n gba 40. Ní oṣù keje 2003, sójà gbàjọba nígbà tí ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà ní Àbújá, Ọbásanjọ́ ló sì tẹ̀ lé e padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ lè sùn. Àmọ́ bí aládùúgbò náà bá bínú, ta ló kù?

Ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tó lọ yìí. Wọn kì í ṣe Mauritáníà. Mauritáníà ní òkun, wọn ò ní. Mauritáníà jáde pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ ọdún kan, àwọn kéde ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, 2024, pé àwọn ti lọ lójú ẹsẹ̀, ECOWAS ló ní kí ọdún náà pé. Ìjìyà tí ECOWAS fi jẹ Nìjẹ̀ lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù keje 2023, títí kan iná tí Nàìjíríà já, ṣì wà lọ́kàn wọn. Ohun tó sì jẹ àwa lógún jù ni ọ̀rọ̀ owó. Mauritáníà ní ouguiya. Àwọn mẹ́ta yìí ṣì ń ná CFA, wọ́n ṣì wà nínú UEMOA pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Ivory Coast, Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gínì-Bìsáù. Òfin UEMOA náà fàyè gba kí ọmọ ẹgbẹ́ lọ gbé, kó sì ṣiṣẹ́ níbikíbi nínú wọn. Nítorí náà ọmọ Kùtọ̀nù tó ń tajà ní Niamey ní òrùlé kejì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní. ECOWAS ni òrùlé kan ṣoṣo tí ọmọ Nàìjíríà ní níbẹ̀, wọ́n sì ti ṣí i kúrò.

Òótọ́ ni pé ní Disẹ́ńbà 2024 àwọn mẹ́ta náà kéde pé ọmọ ECOWAS lè wọlé láìgba físà, ECOWAS náà sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí ìkéde mìíràn yóò fi wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni méjèèjì. Ohun tí èèyàn kéde ní Disẹ́ńbà, ó lè pa á rẹ́ ní Ágọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, 2025, Omar Touray tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ECOWAS lọ bá àwọn mínísítà wọn ní Bamako kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí àdéhùn. Ibẹ̀ gan-an lojú wa gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ti ọjà, tí wọ́n ní tírélà lè kọjá àmọ́ tí wọn ò sọ pé ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún 20 ọdún lè máa gbé e lọ, ti Mauritáníà ọdún 2025 náà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa.

Àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá ni ká sọ èyí fún, àwọn ọba ìlú tí àwọn ọmọ wọn pọ̀ lọ́hùn-ún náà kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ààlà wa pẹ̀lú Nìjẹ̀ ju 1,500 kìlómítà lọ, Nàìjíríà nìkan sì lè bá Niamey jókòó láì dúró de gbogbo ECOWAS, gẹ́gẹ́ bí Dakar àti Nouakchott ti ṣe lórí ẹja. Títí tí wọn ó fi ṣe é, ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Niamey, Bamako tàbí Ouagadougou, kó pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kó bi í bóyá káàdì ìgbélùú rẹ̀ ṣì péjọ́, bóyá orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù àbí ti onílé, kó sì ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé aṣojú Nàìjíríà tó bá wà nítòsí.